Etí Títì: Ìtàn Àwọn Tó Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ Síbi Iṣẹ́ ní Ìlú Kàdúná

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan lórí ìtàn ìlú tí a ń gbé, mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń retí ni bí àwọn bàbá wa ṣe dé Kàdúná, ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé sí Ibadan Street àti ẹni tó kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn mìíràn ti kọ ìyẹn, wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa jù mí lọ. Ohun tí èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò fẹ̀ ju mítà méjì tàbí mẹ́ta lọ. Etí títì ni, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ti jọ ń kọjá. Kẹ̀kẹ́ tí mo ń wí kì í ṣe Kẹ̀kẹ́ NAPEP o. Ológeere ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí a ń fi ẹsẹ̀ wà.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ètò ìlú ni mo kọ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, iṣẹ́ yíya àwòrán títì àti àdúgbò ni mo sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi ṣe. Bí ẹ bá rí i tí mo ń bá àwọn aṣètò ìlú wí nísàlẹ̀, kí ẹ mọ̀ pé ara mi ni mo kọ́kọ́ ń bá wí.

Bí ìlú ṣe gùn

Kàdúná kì í ṣe ìlú tí ọdẹ tàbí jagunjagun kan tẹ̀dó bí ọ̀pọ̀ ìlú wa nílé. Àwọn Gbagyi ti ń dáko káàkiri agbègbè náà tipẹ́, ṣùgbọ́n ìlú tí a mọ̀ lónìí, ìjọba ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dó. Nǹkan bí ọdún 1912 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ Lugard. Nígbà tó di ọdún 1917, olú ìlú ẹkùn Àríwá kúrò ní Zungeru, ó bọ́ sí etí odò tí àwọn Hausa fi orúkọ ọ̀nì pè.

Ọdún 1917 yẹn kan náà ni òfin àwọn ìlú ńlá jáde, èyí tí wọ́n pè ní Township Ordinance. Òfin náà ní kí àyè tó fẹ̀ tó yáàdì 440, nǹkan bíi mítà 400, wà láàárín ibi tí àwọn òyìnbó ń gbé àti ibi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ ń gbé, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ́ ilé gbígbé sí i. Wọ́n ní nítorí ẹ̀fọn àti ibà ni. Bóyá nítorí ẹ̀fọn ni lóòótọ́, bóyá nítorí àwa náà ni, ohun tó dájú ni pé kúùkù, akọ̀wé, afọṣọ àti mẹ́sẹ́ńjà ní láti la pápá òfìfo yẹn kọjá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi jíjìnnà síbi iṣẹ́ sínú àwòrán ìlú yìí.

Lẹ́yìn náà ni rélùwéè tún na ìlú. Ọ̀nà irin tó ti Port Harcourt gba Enugu àti Makurdi wá pàdé èyí tó ti Èkó wá ní apá gúúsù odò, ibẹ̀ sì di Kaduna Junction. Ní ọdún 1957, Kaduna Textiles Limited bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ ní apá Kakuri. Nortex, Arewa Textiles àti United Nigerian Textiles tẹ̀lé e láàárín àwọn ọdún 1960 sí 1969. Ilé iṣẹ́ wà ní gúúsù odò. Ọ́fíìsì ìjọba, ọjà ńlá àti ọ̀pọ̀ ilé gbígbé wà ní àríwá rẹ̀. Láti Kawo dé Sabon Tasha jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 15, ìlú sì gùn lọ bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá bí aṣọ tí a sá sórí okùn.

Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn fún ogún ìṣẹ́jú kò lè rìn tó kìlómítà 2. Lórí kẹ̀kẹ́, láìsáré, ogún ìṣẹ́jú kan náà á gbé e dé kìlómítà 5. Ilẹ̀ Kàdúná sì tẹ́, kò ní òkè bíi ti Abẹ́òkúta. Ohun tó sọ kẹ̀kẹ́ di ẹṣin òṣìṣẹ́ nílùú yìí nìyẹn.

Ní ọdún 1967, Max Lock, òyìnbó aṣètò ìlú, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ ìwé ńlá kan jáde tí wọ́n ṣe fún ìjọba Àríwá Nàìjíríà, tí ó wo ìlú náà láti 1917 dé 1967, tí ó sì fojú sọ́nà dé 2017. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún náà gan-an ni wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí ìpínlẹ̀ méjìlá, ìjọba tó ní kí wọ́n ṣe ìwé náà sì kógbá wọlé. Mo kọ́kọ́ rí ẹ̀dà rẹ̀ kan ní Zaria nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé e sórí káríà kẹ̀kẹ́ mi lọ sí yàrá.

Orí afárá ní agogo mẹ́fà àárọ̀

Wọ́n bí mi ní ọdún 1958. Bàbá mi, ọmọ Ọ̀fà, ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Junction, ilé wa sì wà ní àríwá odò. Raleigh dúdú ni kẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n á fi kílíìpù di ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn kí gíríìsì ara ṣéènì má baà kó bá a, wọ́n á so abọ́ oúnjẹ mọ́ káríà, wọ́n á sì gbé mi jókòó sórí páípù iwájú ní ọjọ́ tí orí bá ta mí. Ìgbà yẹn ni mo ń rí afárá ní agogo mẹ́fà àárọ̀. Bí fèrè ilé iṣẹ́ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dún, ẹ kò ní rí ọ̀dà, orí ènìyàn àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ nìkan ni ẹ máa rí. Igbó aago kẹ̀kẹ́ ni. Àwọn tó ń bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́ ń bọ̀ wá pàdé àwọn tó ń lọ, òwú sì wà lórí irun wọn bí ẹni tí ọ̀gìnnìtìn sẹ̀ lé.

Ọ̀dà títì ìgbà náà kò fẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni ilẹ̀ pupa wà lábẹ́ igi dóńgóyárò, tí ẹsẹ̀ ènìyàn àti táyà kẹ̀kẹ́ ti tẹ̀ títí tó fi le bíi símẹ́ńtì. Ibẹ̀ ni gbogbo wa ń gbà. Kò sí ẹnjiníà tó ya á, kò sí kọmíṣọ́nnà tó gé ríbọ́ǹnù lórí rẹ̀. Òfin tó sì wà níbẹ̀ ni òfin ọ̀nà oko tí àwọn bàbá wa mú wá láti ilé: ẹni tó ru ẹrù ni a ń yà fún. Bí obìnrin bá gbé igbá sórí, oníkẹ̀kẹ́ á rọra, bí ọ̀nà bá há, á sọ̀kalẹ̀. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá di àpò àgbàdo mọ́ káríà, ẹlẹ́sẹ̀ á yà fún un. Bàbá mi kì í kàn lu aago lé ènìyàn lẹ́yìn. Wọ́n á kọ́kọ́ kí i ná: "Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ jẹ́ n kọjá." Bó bá jẹ́ Hausa, wọ́n á ní "Sannu, sannu." Aago kàn ń tẹ̀lé ìkíni ni.

Ìjọba mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ wà. Ó ń gba owó láísẹ́ǹsì lórí rẹ̀ lọ́dọọdún, ọlọ́pàá sì ń mú ẹni tó bá gùn ún lálẹ́ láìtan iná. Wọ́n mú bàbá mi lẹ́ẹ̀kan nítorí pé dáínámò wọn kọṣẹ́. Títí tí wọ́n fi kú ni wọ́n ń sọ pé ọ̀ràn kan ṣoṣo tí àwọn dá ní ilẹ̀ Hausa nìyẹn.

Bí etí títì ṣe lọ

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, gbogbo Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì títì, a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Mo rántí pé Bàbá fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko sọ̀kalẹ̀ ní gbogbo oríta, tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ wọn kọjá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló lé kẹ̀kẹ́ kúrò. Owó epo rọ̀bì ni. Owó Udoji jáde, àwọn akọ̀wé ra alùpùpù, àwọn ọ̀gá ra mọ́tò. Ní ọdún 1975 Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 jọ ní Kàdúná níbí gan-an. Ìlú tó ń ṣe mọ́tò fẹ́ títì tó yẹ mọ́tò, ìyẹn kò sì burú. Ibi tí wọ́n ti rí àyè láti fi kún títì ló burú. Wọ́n gé dóńgóyárò, wọ́n na ọ̀dà dé ibi tí ilẹ̀ pupa wà, wọ́n wá gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ wa ti fi ogójì ọdún tẹ̀ kò sí nínú àwòrán kankan, nítorí náà kò sí ẹni tó mọ̀ pé òun mú nǹkan ẹnìkan.

Èmi mọ̀. Ní ọdún 1984, ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n gbé àwòrán títì kan fún mi láti yà. Mo ya ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà 2 àti ààbọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo fi igi sí àárín òun àti ọ̀dà. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ta ni ò ń ya èyí fún?"

"Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti àwọn oníkẹ̀kẹ́ ni, sà."

"Oníkẹ̀kẹ́? Kí títì yìí tó parí, gbogbo wọn á ti ra mọ́tò. Fi àyè yẹn kún títì jàre."

Mo ní, "Ó dáa, sà." Mo mú rọ́bà, mo pa á rẹ́. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Ọdún kẹta tí wọ́n parí títì náà, àbúrò mi ọkùnrin ń bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ. Bọ́ọ̀sì kan gbá a láti ẹ̀yìn níbi tí ọ̀dà ti súnmọ́ gọ́tà débi pé kò sí ibi tí ènìyàn lè yà sí. Itan rẹ̀ kan ṣẹ́. Ó tún rìn, ṣùgbọ́n ó ń tiro títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní ọdún 2011. Kò mọ̀ pé mo ti fi pẹ́ńsù ya ọ̀nà kan rí sí ibi tó ṣubú sí. N kò sọ fún un.

Lẹ́yìn ọdún 1986 tí ètò SAP dé, náírà já wálẹ̀, kẹ̀kẹ́ tuntun pàápàá wọ́n ju apá òṣìṣẹ́ lọ. Alùpùpù akérò tí àwọn Hausa ń pè ní achaba gba ìlú. Kẹ̀kẹ́ wá di nǹkan ìtìjú. Ọmọ ilé ìwé gíga kò ní jẹ́ kí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ rí òun lórí rẹ̀. Rògbòdìyàn ọdún 2000 àti ti oṣù Kọkànlá ọdún 2002 sì tú ọ̀pọ̀ ìdílé ká. N kò ní ṣí ojú ọgbẹ́ yẹn, nítorí àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n sin ènìyàn wọn. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ mi ni pé ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá odò, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì kó lọ sí gúúsù, iṣẹ́ wọn kò sì kó tẹ̀lé wọn. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kìlómítà 3 lọ síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ní 10 láti gùn, ó sì di dandan kó gba orí afárá. Kaduna Textiles ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2002. United Nigerian Textiles ti tirẹ̀ ní 2007, bó tilẹ̀ tún ṣí lẹ́yìn náà. Fèrè tí mo ń wí lẹ́ẹ̀kan dákẹ́.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí pa dà. Ní ọdún 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ fi òfin de achaba. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nítorí ààbò, wọ́n dá alùpùpù gbogbo dúró fún ìgbà kan, ti akérò àti ti ara ẹni. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù ti tán, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí i tí kẹ̀kẹ́ ń jáde láti ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ti ń dípẹtà. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní ìkọ̀rọ̀ wa sọ fún mi pé òun ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta sípóòkù. Ọ̀gá mi àtijọ́ sọ pé gbogbo wọn á ra mọ́tò. Wọn kò rà á.

Ohun tí Malam fi hàn mí

Ọkùnrin kan ń ṣọ́ àdúgbò wa lálẹ́. Malam ni gbogbo wa ń pè é. Apá kejì odò ló ń gbé, kẹ̀kẹ́ ló sì ń gùn wá, nǹkan bíi kìlómítà 9. Bó bá ń pa dà láàárọ̀, ó máa ń ra omi sínú jáálá méjì, á so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ káríà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ṣe ọ̀nà tuntun sí etí títì tó wà nítòsí wa, wọ́n to òkúta sí i, ó dùn ún wò, wọ́n sì ní ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ló wà fún. Mo ṣàkíyèsí pé Malam kò gbà á rárá. Àárín mọ́tò ló ń bá lọ. Mo bi í léèrè.

Ó ní, "Baba, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Mo mú téèpù mi, a lọ. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ níwájú mi pẹ̀lú jáálá omi méjèèjì, mo ń tẹ̀lé e. Ní iwájú géètì kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà náà já sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kí mọ́tò onílé lè wọlé, ó sì tún gòkè lẹ́yìn rẹ̀. Mo ka géètì mẹ́rìnlá láàárín oríta méjì. Ẹlẹ́sẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé omi lítà 50 ń fò, ó ń balẹ̀ nígbà méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọ̀nà náà fẹ̀ ní mítà 1.6. Níbi tí òpó iná wà, ó ku sẹ̀ńtímítà 90, bẹ́ẹ̀ sì ni Malam pẹ̀lú jáálá rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 1.1. Àlàfo wà láàárín àwọn pákó kọ́ǹkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà, ó sì dojú kọ ibi tí táyà ń lọ gẹ́lẹ́, bí ẹni fẹ́ gbé e mì. Ní igun, ọ̀nà ṣẹ́ bí igun tábìlì. Kẹ̀kẹ́ kì í yí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó sì dé oríta, ọ̀nà náà tán. Kò sí àmì kankan, ó kàn já ènìyàn sí iwájú bọ́ọ̀sì tó ń já èrò sílẹ̀.

Àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀pà ti gbé tábìlì sí ibi tó fẹ̀ jù. N kò bá wọn wí. Ibẹ̀ nìkan ni òjìji wà.

Malam sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Baba, lórí títì, àwọn onímọ́tò ń bú mi. Lórí òkúta yìí, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń bú mi. Tí onímọ́tò bá bú mi, mo ṣì ń lọ síwájú."

Ibi tí wọ́n ti ṣe é rí

Ọ̀pọ̀ ló rò pé Ọlọ́run dá kẹ̀kẹ́ mọ́ àwọn ará Netherlands ni. Rárá. Àwọn náà fi àyè kẹ̀kẹ́ fún mọ́tò lẹ́yìn ogun. Ní ọdún 1971, ó lé ní 3,000 ènìyàn tí ọkọ̀ pa nílẹ̀ wọn, ó sì lé ní 400 nínú wọn tó jẹ́ ọmọdé. Àwọn òbí dìde, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Stop de Kindermoord, ìyẹn "Ẹ yé pa ọmọdé". Lẹ́yìn náà, ìjọba ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ olówó ńlá kan ní Tilburg, wọ́n ṣe òmíràn ní The Hague, láti fi dán an wò. Àwọn tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀ yà bá ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n àwọn tuntun kò pọ̀ bí wọ́n ṣe retí. Ìlú Delft ló fi ohun tó sonù hàn wọ́n láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989: wọ́n so gbogbo ọ̀nà kéékèèké pọ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n fi afárá kékeré sí ibi tí ó já. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Stevenage ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ní èkejì. Ẹnjiníà kan, Eric Claxton, ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó dára gan-an sí ìlú tuntun yẹn lẹ́yìn ogun, ó fẹ̀, ó gba abẹ́ títì kọjá láìsí ewu. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe títì mọ́tò náà ní gbalasa, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ibi ìgbọ́kọ̀sí wà níbi gbogbo, nítorí náà àwọn ènìyàn kàn wọ mọ́tò wọn. Ìyẹn kì í ṣe ìṣòro Kàdúná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa kò ní mọ́tò tí wọ́n máa wọ̀.

Ìwé ìlànà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 2020 yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń kun àmì kẹ̀kẹ́ sórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n gbà pé kẹ̀kẹ́ jẹ́ ọkọ̀, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀, pé nínú ìlú ó yẹ kí a ya méjèèjì sọ́tọ̀, àti pé níbi tí wọ́n bá ti máa pín ọ̀nà, kí ó fẹ̀ tó mítà 3 ó kéré tán. Wọ́n ní kí aṣètò máa fi kẹ̀kẹ́ tó gùn tó mítà 2.8, tó sì fẹ̀ tó mítà 1.2, ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀, kí ẹni tó gbé ọmọ tàbí ẹrù lè kọjá. Mo rẹ́rìn-ín. Malam àti jáálá omi rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n, wọn kò mọ̀ ni.

Bí ẹ bá ní òyìnbó nìyẹn, Ouagadougou ní Burkina Faso kò jìnnà sí wa. Àwọn títì ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ya ẹ̀gbẹ́ wọn sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù, tí kọ́ǹkéré sì pín in kúrò lọ́dọ̀ mọ́tò. Kò pé: alùpùpù ń sáré jù níbẹ̀, àwọn ọlọ́jà sì ń gbé ẹrù sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àyè tí wọ́n lè jà lé lórí. Ní ọdún 2018, ìjọba Èkó náà kọ ìlànà kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń rìn lẹ́sẹ̀ àti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́.

Ohun tí mo rò pé ó tọ́ sí wa

Kì í ṣe gbogbo ibi ni kí ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ti jọ pín ọ̀nà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Sheikh Gumi, níbi tí èrò ti ń gún ara wọn lápá, bí ẹ bá kó kẹ̀kẹ́ sí àárín wọn, ìjà lẹ ń kọ́. Níbẹ̀, mítà kan àti ààbọ̀ nínú títì gan-an, tí kọ́ǹkéré gé kúrò lọ́dọ̀ mọ́tò, ló yẹ kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n lórí afárá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà irin, àti lórí títì gígùn tí ẹlẹ́sẹ̀ kò pọ̀ sí, pípín ọ̀nà lè ṣeé ṣe, bí ó bá fẹ̀ tó mítà 3, tí òpó kankan kò sì sí nínú rẹ̀. Ní iwájú géètì, mọ́tò onílé ni kó gòkè kó sì sọ̀ kalẹ̀, kí ojú ọ̀nà tẹ́ gbọọrọ fún ẹni tó ń kọjá. Ẹni kan ló ni géètì. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń kọjá níwájú rẹ̀. Kí ọ̀nà má sì tán ní oríta, nítorí oríta gan-an ni ìdí tí a fi nílò rẹ̀. Kí wọ́n gbin dóńgóyárò pa dà. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ ní Kàdúná ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin mọ̀ pé òjìji kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Mo tún fẹ́ kí àwọn tó ń ya àwòrán yé fi ọ̀dọ́ tó wọ fìlà ike àti ṣòkòtò kékeré ṣe àpẹẹrẹ oníkẹ̀kẹ́. Ọ̀dọ́ yẹn ń ṣe eré ìdárayá, ó lè bá mọ́tò sáré, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Àpẹẹrẹ mi ni Malam, àti tẹ́lọ̀ tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sórí káríà, àti ọmọbìnrin tó wọ yúnifọ́ọ̀mù gígùn tó ń lọ sí ilé ìwé. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti ń bẹ̀ mí láti ọdún tó kọjá pé kí n ra kẹ̀kẹ́ fún òun láti máa gùn lọ sí ilé ìwé. Kìlómítà 2 péré ni. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Èmi tí bàbá mi gbé sórí páípù la afárá kọjá, mo ní rárá, mo sì tijú bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Àfikún Kẹrin nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Fífún kẹ̀kẹ́, ọmọlanke, ọkọ̀ ojú omi àti wílíbárò ní láísẹ́ǹsì wà níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ṣíṣe títì àdúgbò, iná ojú títì àti gọ́tà, àti títọ́jú wọn, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ́fíìsì kan náà tó lè gba owó lọ́wọ́ Malam nítorí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó dá a lóhùn lórí géètì mẹ́rìnlá yẹn. Mo ti kọ lẹ́tà, mo fi àwòrán kún un, pẹ̀lú mítà àti sẹ̀ńtímítà. Ohun tó kù ni pé lẹ́tà ẹnìkan máa ń sọnù sínú fáìlì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí èmi náà ti sọ irú rẹ̀ nù rí.

Nítorí náà ni mo ṣe bẹ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kí a jọ wọn títì mẹ́rin tí àwọn ọmọ wa ń gbà lọ sí ilé ìwé, kí lẹ́tà kejì lè jẹ́ ti gbogbo wa. Ìgbìmọ̀ ti gbà. Sátidé kejì lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni, agogo méje àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹni tó bá ní téèpù tó gùn ju mítà 5 lọ kó mú un dání. Ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́, kó gùn ún wá, kó sì di ẹrù tó máa ń gbé mọ́ ọn. Malam ti ní òun máa mú jáálá òun wá, kí n ṣáà rí i pé omi wà nínú wọn.